Ta Ló Ń Gba Owó Ilẹ̀ Ààlà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Níbi ìpàdé ẹbí lórí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀, àbúrò mi kan sọ pé Amẹ́ríkà ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Mẹ́síkò rí, bí ẹni ra ilẹ̀ ìkọ́lé. Ṣé òótọ́ ni? Ta ni wọ́n sanwó fún? — Òǹkàwé yín, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1853, James Gadsden, aṣojú Amẹ́ríkà, bá ìjọba Antonio López de Santa Anna, olórí Mẹ́síkò nígbà náà, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan, nítorí pé Amẹ́ríkà ń wá ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ní gúúsù tí ọkọ̀ ojú irin lè gbà kọjá, Santa Anna náà sì ń wá owó tí yóò fi gbé ìjọba rẹ̀ ró. Mílíọ̀nù 15 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ dá, àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà sì já a sí mílíọ̀nù 10 ní ọdún 1854. Ilẹ̀ náà, tí ó wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ Arizona àti New Mexico ní Amẹ́ríkà báyìí, fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹni tí ó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Àkúrẹ́ yóò mọ irú ìsanwó wọn: mílíọ̀nù 7 nígbà tí àdéhùn bá fìdí múlẹ̀, mílíọ̀nù 3 tí ó kù di ìgbà tí wọ́n bá wọn ààlà tán tí wọ́n sì sàmì sí i.

Ìjọba Santa Anna ni wọ́n sanwó fún, ṣùgbọ́n wọ́n lé e kúrò lórí oyè ní ọdún 1855. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn Tohono O'odham, tí wọ́n ti ń gbé orí ilẹ̀ náà kí orílẹ̀-èdè méjèèjì tó wà, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi léèrè. Lọ́dọ̀ wa, bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn olórí ojúlé, wọ́n lè gba kóòtù lọ pé kí ó wọ́gi lé títà náà. Ní ti àwọn ènìyàn wọ̀nyí, àárín ilẹ̀ wọn gan-an ni ààlà tuntun náà gbà kọjá, àwọn ìbátan wọn sì wà ní ìhà méjèèjì títí di òní.