Báǹkì kò lè fa owó tí ẹ fọwọ́ ara yín fi ránṣẹ́ padà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Olùkọ́bìnrin ni mí ní Sabon Gari, Kánò. Mo rí Toyota Corolla ọdún 2010 kan lórí Facebook. Àbújá ni ọkọ̀ náà wà, ẹni tó ń tà á sì ní 6,800,000 náírà ni òun yóò gbà. Ó ní ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá rà á, nítorí náà kí n fi 2,500,000 náírà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀ kí òun lè bá mi tọ́jú rẹ̀. Ó ti fi fídíò ọkọ̀ náà, àwòrán àwọn pépà rẹ̀ àti NIN tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì rẹ̀ sì bá ti NIN náà mu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má bẹ̀rù, pé bí ó bá já sí jìbìtì, báǹkì yóò fa owó náà padà bí mo bá ti tètè fẹjọ́ sùn. Ìwé wo ni kí n ní kí ọkùnrin náà buwọ́ lù kí n tó sanwó? Àbí kí n kúkú kó owó náà dání lọ bá a?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ìwé ni ẹ béèrè, n ó sì dé orí ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sọ ni kò jẹ́ kí n lè fi lẹ́tà yín sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí oṣù kan tí ẹnìkan kì í wọ ọ́fíìsì mi ní Wuse pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí gan-an lẹ́nu, tí yóò sì jókòó síwájú mi pẹ̀lú rìsíìtì tíránsífà lọ́wọ́ bí ẹni pé rìsíìtì náà ni owó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó yé gbogbo ènìyàn: báǹkì yín kò ní agbára láti wọ inú àkáǹtì ẹlòmíràn lọ mú owó tí ẹ̀yin fúnra yín fi ránṣẹ́ jáde.

Bí ẹ bá ti tẹ PIN yín tán lórí fóònù, orí ètò tí wọ́n ń pè ní NIP, tí NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì pọ̀, gbé kalẹ̀ ní 2011, ni owó náà ń gbà kọjá, kì í sì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ kí ó tó bọ́ sínú àkáǹtì ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ìyára yìí ni gbogbo wa ń fẹ́ nígbà tí ìwé sọ̀wédowó tó ń lo ọjọ́ mélòó kan kí ó tó di owó sú wa. Ohun tí a kì í rò mọ́ ọn ni pé, láti ìgbà tí álátì bá ti dún lórí fóònù ẹni tó gbà á, owó náà kò sí lọ́wọ́ báǹkì yín mọ́. Bí ẹ bá sáré lọ fẹjọ́ sùn, ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n kọ̀wé sí báǹkì kejì pé kí ó ti ohun tó bá ṣẹ́kù nínú àkáǹtì náà mọ́lẹ̀, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń pè ní lien. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni mo wí. Gbájúẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí nǹkan kan ṣẹ́kù. Kí ẹ tó tò dé iwájú òṣìṣẹ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ yín, wọn yóò ti pín owó náà sí àkáǹtì mẹ́rin, wọn yóò ti gba apá kan lọ́dọ̀ àwọn oní-POS, wọn yóò sì ti fi ìyókù ra dọ́là tàbí owó orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ká tilẹ̀ ní orí bá yín ṣe é, tí wọ́n bá 2,000,000 náírà nínú rẹ̀, báǹkì kò ní kó o fún yín nítorí pé ẹ sọ pé tiyín ni. Ẹni tó ni àkáǹtì náà yóò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá a padà, tàbí kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ. Mo mọ̀ pé èyí ń bí àwọn ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí báǹkì bá ń fa owó padà lórí ẹ̀sùn lásán, ta ni yóò tún gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan fún ẹni tó sanwó pẹ̀lú tíránsífà ní ọjà Wuse? Oníbàárà yóò gbé tòmátò dé ilé tán, yóò wá pe báǹkì pé wọ́n lu òun ní jìbìtì.

Mo gbà pé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́. Ó ti gbọ́ tàbí kí ó ti rí i pé báǹkì dá owó padà fún ẹnìkan. Ohun méjì tí ó yàtọ̀ sí tiyín ni irú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Èkíní ni ti owó tí wọ́n yọ lára ẹni ṣùgbọ́n tí kò dé ibi tí ó ń lọ, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Owó bẹ́ẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà, ó sì gbọ́dọ̀ padà. Èkejì ni ti owó tí olè yọ láìjẹ́ pé oní-àkáǹtì mọ̀ sí i, bóyá nítorí pé wọ́n jí káàdì tàbí fóònù rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ já sórí báǹkì. Ní tiyín, ẹ̀yin lẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ tẹ iye owó, ẹ̀yin lẹ tẹ PIN. Lójú báǹkì, ẹ̀bi kankan kò sí lọ́wọ́ wọn.

NIN àti orúkọ àkáǹtì tó bára mu kò fi ohun kan hàn ju pé ẹnìkan wà tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, tó sì ní àkáǹtì. Wọn kò fi hàn pé òun ló ni ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ń yá àwọn gbájúẹ̀ ní àkáǹtì tó ní BVN àti NIN tòótọ́ nítorí owó kékeré, ọ̀dọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọlọ́pàá máa ń kọ́kọ́ dé. Ó ti ná ìwọ̀nba tí wọ́n fún un, kò sì mọ ibi tí ìyókù wọlé sí. Ní ti fídíò, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá níwájú ibi tí wọ́n ń ta ọkọ̀ lè ya á.

Ẹ óò ní òfin wà. Òfin wà lóòótọ́. Òfin ọdún 2006 lórí fífi ẹ̀tàn gba dúkìá ní kí ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 7, tí kò sì ju 20 lọ, láìsí àyè pé kí ó san owó ìtanràn dípò, ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ pé kí ó dá owó olówó padà. Mo fara mọ́ òfin náà gidigidi. Ṣùgbọ́n wọn ní láti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, wọn ní láti kó o lọ sí kóòtù, wọn sì ní láti fi ẹ̀rí hàn. Ìwé ẹ̀wọ̀n ẹlòmíràn kò sì ṣeé wà láti Kánò lọ sí Zaria. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ wà, tí ó kàn jẹ́ pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ àdéhùn ni ìyẹn, abala 32 nínú òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí kò mú ṣẹ nìkan. Wọn yóò ní kí ẹ gba kóòtù lọ.

Ní ti àwọn tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp pé àwọn yóò bá ènìyàn gba owó jìbìtì padà, tí wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù: olè kejì ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń jẹ́ ọmọ iṣẹ́ olè àkọ́kọ́. Mo ti rí oníbàárà tí ó pàdánù owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì báyìí.

Nítorí náà, kò sí ìwé tí ọkùnrin náà lè buwọ́ lù láti Àbújá tí yóò mú kí 2,500,000 náírà tí ẹ fi ránṣẹ́ kí ẹ tó rí ọkọ̀ wà láìléwu. Ẹ wá ẹnìkan ní Àbújá, ìbátan tàbí ọmọ ìjọ yín, kí ó mú mẹkáníìkì tí ẹ̀yin yàn lọ, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á júwe. Kí wọ́n wa ọkọ̀ náà. Kí wọ́n wo nọ́ńbà ṣásí, tí í ṣe àmì 17, tí a kì í rí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, níbi tí dáṣíbọ́ọ̀dù ti pàdé gíláàsì iwájú àti lára òpó ẹnu ọ̀nà awakọ̀, kí wọ́n sì fi wé èyí tó wà nínú pépà gan-an, kì í ṣe àwòrán pépà. Kí wọ́n yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò lọ́dọ̀ FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹni tí kò ni ọkọ̀ kò lè tà á kí ó di tiyín. Bí olówó rẹ̀ bá yọ lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀yin ni yóò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ óò sì máa wá ẹni tó tà á kiri. Ẹ wo pépà aṣọ́bodè náà dáadáa, nítorí láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀, àwa tí a ń gbé òkè Ọya sì mọ iye ọkọ̀ fàyàwọ́ tó ń gba Jibia àti Illela wọlé.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, inú báǹkì ní ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ ti san owó, kí ẹni tó ń tà á, aṣojú yín àti ẹlẹ́rìí kan jókòó síbẹ̀, kí owó náà wọ àkáǹtì tí orúkọ rẹ̀ bá ti ìwé ẹ̀rí oní-ọkọ̀ mu, kí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, pépà gan-an àti ìwé àdéhùn títà tí wọ́n ti buwọ́ lù sì ti wà lórí tábìlì kí ẹ tó tẹ PIN. Ìwé tí ẹ béèrè nìyẹn. Ẹ lè gbé owó náà sí ọwọ́ agbẹjọ́rò tí ẹ̀yin fúnra yín wá, kí ó dì í mú di ìgbà tí ọkọ̀ bá dé ọwọ́ yín; mi ò fi ìyẹn polówó ara mi. Bí agbẹjọ́rò tàbí ìkànnì tí yóò bá yín di owó mú bá jẹ́ èyí tí ẹni tó ń tà á fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ sá. Kí ẹ sì rántí pé ìdáhùn gbogboogbò ni èyí: mi ò tíì rí pépà kankan nínú ọ̀rọ̀ yín.

Ní ti kíkó owó dání, rárá. Òfin ọdún 2022 tó lòdì sí fífọ owó ìbàjẹ́ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti san owó tó ju 5,000,000 náírà lọ ní káàṣì tàbí láti gbà á, àfi kí ó gba báǹkì tàbí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá kó 6,800,000 náírà fún un ní káàṣì, ó di ẹ̀ṣẹ̀ fún yín, ó sì di ẹ̀ṣẹ̀ fún òun náà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà Kàdúná rárá.

Lálẹ́ òní, ẹ kọ̀wé sí ọkùnrin náà pé ìbátan yín àti mẹkáníìkì yóò wá wo ọkọ̀ náà lọ́jọ́ Ajé, àti pé báǹkì ni ẹ óò ti san gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ kejì. Bí ó bá gbà, ẹ fi àwòrán àwọn pépà náà ránṣẹ́ sí mi. Bí ó bá ní ẹnìkejì ti fẹ́ san àsansílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ní kí ó tà á fún un.