Àyè tí mo ń fi sílẹ̀ lófìfo nínú fọ́ọ̀mù CBT

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní therapist yín fún yín ní fọ́ọ̀mù, tẹ́ ẹ sì ń fi àyè "kí lẹ ń rò nígbà náà?" sílẹ̀ lófìfo torí ẹ kì í gbọ́ ohùn kankan nínú orí yín, tẹ́ ẹ wá ń bèèrè bóyá CBT (cognitive behavioural therapy, ìtọ́jú tó ń yẹ ìrònú àti ìṣe èèyàn wò) ò wà fún irú yín: ó wà fún irú wa. Èmi náà kì í gbọ́ nǹkan kan. Àmọ́ odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi parọ́ fún therapist mi kó tó yé mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, kẹ́ ẹ má bàa gba ibi tí mo gbà.

Lọ́dún 2017, Oworo ni mo ń gbé, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kìlómítà 11.8 ni afárá Third Mainland tí mo ń gbà lọ, omi lọ́tùn-ún, omi lósì. Lọ́jọ́ kan, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dánfó wa dúró lọ́ọ̀ọ́kán Oko Bàbá, èéfín àwọn onípákó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ṣàdédé ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, ìka ọwọ́ mi kú, èémí ò tó mi mọ́. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì, wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà kẹta ló ní panic attack, ìpayà òjijì, ni, tó ní kí n lọ rí therapist.

Ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni. Fọ́ọ̀mù tó fún mi ní àyè mẹ́rin: ibo lo wà, kí lo rò, báwo ló ṣe rí lára rẹ, báwo ló ṣe le tó nínú 100. Mẹ́ta rọrùn. Ìkejì yẹn ni mi ò rí kọ. Ó sì ti fún mi ní ìwé àpẹẹrẹ kan, ni mo bá ń wo ibẹ̀ kọ: "Mo máa kú lónìí." "Kò sẹ́ni tó máa ràn mí lọ́wọ́." Inú rẹ̀ dùn gan-an. A jókòó, a ń wá ẹ̀rí tó ta ko gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mò ń mi orí. Tí mo bá tún dé orí afárá, bákan náà ni. Bí ìgbà tí èèyàn ń lé ayálégbé tí kò sí nínú ilé náà ni.

Ìyàwó mi ló tú u fó láìmọ̀. Ó ń din dòdò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ fún un pé àwọn olóyìnbó yìí mà rò pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ nínú orí gbogbo èèyàn. Ó yíjú, ṣíbí ìdindò lókè. "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin kì í gbọ́ ni?" Ó ní látìgbà tóun ti gbé epo kaná lòun ti ń bá oníbàárà òun kan tó jẹ òun lówó jà nínú orí òun, òun sì ti fún un lésì tó gbóná lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan, torí ẹnu rẹ̀ ò mì. Dòdò náà jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ ogójì ọdún ni mí lọ́jọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa mọ̀ pé kì í ṣe àkànlò èdè nígbà tí wọ́n bá ní "ọkàn mi ń sọ fún mi".

Mo lọ jẹ́wọ́ fún therapist mi. Mo retí pé ó máa bínú, kò bínú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn sílẹ̀, sà. Ká ní fíìmù ni, tí mo sì dá a dúró níbi tí àyà yín ti kọ́kọ́ já, kí ló wà níbẹ̀?" Ó pẹ́ díẹ̀. Ohun tí mo rí ò tó àwòrán gidi: èmi nílẹ̀ dánfó, bàtà ẹsẹ̀ òsì mi ti bọ́, ẹsẹ̀ kọ́ńdọ́ ń ré e kọjá. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Mi ò sì mọ̀ pé ó ń wá rí, torí kó tó wá tán, ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ó ní ohun tí fọ́ọ̀mù náà ń bèèrè gan-an nìyẹn. Aaron Beck tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí ní Philadelphia láwọn ọdún 1960 ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ lè jẹ́, àwòrán náà lè jẹ́. Àwọn tó ń tẹ fọ́ọ̀mù ló sọ ọ́ di gbólóhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tún wà ní Las Vegas, Russell Hurlburt, tó máa ń fún èèyàn ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dún lójijì, kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú orí wọn gẹ́lẹ́ nígbà tó dún. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ fáwọn kan, àwòrán fáwọn míì, ohun tí ara ń gbọ́ fáwọn míì. Àwọn kan sì wà tí ìrònú wọn ò ní ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán nínú. Àwọn tó ń búra pé ọ̀rọ̀ ni tọwọ́ tẹsẹ̀ pàápàá, ẹ̀rọ dún, ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀. Lọ́dún 2024, Johanne Nedergaard àti Gary Lupyan fún tiwa lórúkọ: anendophasia. Orúkọ ńlá fún ohun tí kò dún!

Tí ẹ ò bá rí àwòrán náà ńkọ́? Ẹ bi ọwọ́ yín. Kí ni ara yín ń múra sílẹ̀ fún? Tèmi: mo gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, nọ́ńbà ìyàwó mi gbọ́dọ̀ wà lójú fóònù, píọ́ wọ́tà kan sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní mu ún. Láti Oworo dé Adéníji, á ti gbóná bí omi ìwẹ̀. Ẹni tó ń di omi mú bẹ́ẹ̀, ìdákú ló ń retí, ẹnu rẹ̀ ì báà má sọ ọ́. Mo sì kíyè sí i pé nígbà tí therapist mi fi gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, tó bi mí lédè wa, èsì ń jáde: àyà mi já, orí mi wú, ara mi bù máṣọ. Mo kọ wọ́n sínú àyè tó ṣófo yẹn, wọ́n sì wúlò ju gbogbo irọ́ mi lọ, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí mò ń retí lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí èèyàn bá ń retí, ó ṣeé dán wò. Ibi tí CBT wà gan-an nìyẹn lójú tèmi, kì í ṣe nínú àríyànjiyàn. Therapist mi ní kí n mí hẹ́lẹ́-hẹ́lẹ́ fún ìṣẹ́jú kan ní ọ́fíìsì òun. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé 80 nínú 100 ni pé màá dákú. Àyà lù, ojú ń pòòyì, ìka kú, mo ṣì jókòó. Ó wá ṣàlàyé pé kí èèyàn tó dákú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ nínú irú ẹ̀rù yìí ńṣe ló máa ń gòkè. (Àwọn tó ń dákú tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀, tiwọn yàtọ̀.) Lẹ́yìn náà ló kan afárá: lọ láìmú omi dání, lẹ́yìn ìyẹn jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ní ibi tí wọ́n ń gbà sọ̀ sí Adékúnlé. Nígbà tó fi máa di ìgbà kẹsàn-án, 15 ni mo kọ.

Ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún mi rárá ni káàdì tí wọ́n ní kí n máa kà fún ara mi, "o wà láìléwu". Bíi lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ará ilé kejì ló rí. Tó bá sì jẹ́ pé ìbànújẹ́ tó wọra ni tiyín, tí kì í ṣe ẹ̀rù, ẹ béèrè nípa apá CBT tó dá lórí ohun tí èèyàn ń ṣe lójúmọ́. Lọ́dún 1996, Neil Jacobson àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà yọ apá yẹn sọ́tọ̀, àwọn tó ṣe é nìkan sì gbádùn bíi tàwọn tó ṣe gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má wo àpẹẹrẹ kọ. Ẹ sọ fún therapist yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún pàdé pé ẹ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, kó bi yín léèrè àwòrán, ara, tàbí ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe. Tó bá ní dandan ni gbólóhùn, ẹ wá ẹlòmíì.

Bàtà yẹn ṣì máa ń yọjú sí mi lórí afárá. Ohun tí therapist mi kọ́ mi ni pé kí n má dá fíìmù náà dúró síbi tó ti burú, kí n jẹ́ kó máa lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lọ títí: kọ́ńdọ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé bàtà náà fún mi, ó sì tẹ́wọ́ gba owó ọkọ̀.