Ètò tí kò ní olówó lẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè pé ṣé kí ìjọba má kúkú fún rédíò ìjọba lówó mọ́, kó máa wá oúnjẹ ara rẹ̀ bíi ti aládàáni, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Rédíò ìjọba ni mo ti bẹ̀rẹ̀, owó àpò mi ni mo sì fi ń ra airtime, ìyẹn àkókò orí afẹ́fẹ́. Rédíò tí owó ìlú gbé dúró o, èmi ni mò ń sanwó kí n tó lè sọ èdè Ìjẹ̀bú fún ọmọ Ìjẹ̀bú lórí rẹ̀.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ètò mi, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Owó tí ìjọba ń fún wọn kò kọjá owó oṣù. Bí dísù tí wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀ bá ti wọ́n, airtime tèmi náà á gbówó lórí. Nígbà tí agbára mi pin, mo lọ bá alágbo kan, ó gbà láti máa sanwó ètò náà. Lọ́sẹ̀ kejì, mo pe ìyá kan wá sọ̀rọ̀ gààrí Ìjẹ̀bú. Ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe ń fi imú mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tó wà nínú àpò ti kan tó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé "tó o bá ti gbóòórùn pé..." ni orin alágbo wọlé. Nígbà tó fi máa tán, àkókò ti lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, alágbo ní kí ìyá sọ pé agbo òun ló ń mu tí ẹ̀yìn kì í fi í dùn ún nídìí agbada. Ìyá ní, "Ọmọ mi, mi ò mu ún rí." Orí afẹ́fẹ́ ló ti sọ ọ́. Bí sùpọ́ńsọ̀ mi ṣe lọ nìyẹn.

Mo gbé e lọ sí ti aládàáni. Ìlànà NBC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń darí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní kí ètò abẹ́lé má dín ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún; mo kà á sí máníjà létí. Ó rẹ́rìn-ín: "Orin àwọn ọmọ wa tá à ń lù látàárọ̀ ti kọjá ìyẹn." Kò purọ́. Aago márùn-ún ìdájí Sunday ló fún mi. Mi ò bínú sí i, torí ìwé àṣẹ ń jẹ àwọn náà lówó. Ní August 2022, NBC kéde pé òun gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ 52 nítorí gbèsè ₦2.66 bílíọ̀nù, ti ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà nínú wọn.

Àwọn kan ní ká máa san owó àṣẹ bíi èyí tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san fún BBC, tó di £174.50 lọ́dún ní April 2025. Ó kúkú wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 pé ìjọba ìbílẹ̀ ni kó máa gba owó àṣẹ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ta ló máa kanlẹ̀kùn gbà á n'Íjẹ̀bú-Igbó?

Kí ìjọba má dáwọ́ owó dúró, àmọ́ kí wọ́n kọ orúkọ ètò tí owó náà wà fún mọ́ ọn. Tó bá ti jẹ́ pé ọwọ́ gómìnà ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹ̀yin náà mọ ẹni tí rédíò máa ṣiṣẹ́ fún. Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ fẹ́ fèsì fún gómìnà òyìnbó lórí rédíò ìjọba, wọn ò fún un láyè. Ìyẹn wà lára ohun tó bí WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní 1959.

Ojúde Ọba kò nílò owó ìjọba lórí rédíò, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń du ú. Ọdún Agẹmọ ńkọ́? Bí Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún bá ń bọ̀, obìnrin kò gbọdọ̀ pàdé wọn lọ́nà, ó sì yẹ kí ìyá ọlọ́jà tètè gbọ́. Lọ́dún kan, mo gbé ìkéde náà lọ sí rédíò ìjọba, wọ́n ní kí n lọ sanwó ní káúńtà. Mo san án. Rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. "Ìkéde ara ẹni" ni wọ́n kọ sí i.