Ta Ni Kí Á Gbà Gbọ́ Lórí Ìwé Memoirs of a Geisha?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùtọ́jú ilé ìkàwé wa. Ẹgbẹ́ òǹkàwé wa fẹ́ ka ìwé ìtàn àròsọ Memoirs of a Geisha tí Arthur Golden kọ. Àwọn kan nínú wa ti kà á rí, ohùn wọn kò sì ṣọ̀kan. Ẹnì kan ní ìwé náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ohun tí òun kò mọ̀ mọ́ nípa ìgbésí ayé geisha, ìyẹn àwọn obìnrin Jàpáànì tó ń fi ijó, orin àti ọ̀rọ̀ dídùn dá àwọn oníbàárà lára yá lóde àríyá. Ẹnì kejì ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé òyìnbó ọkùnrin kan ló jókòó sí Amẹ́ríkà tó ń ba àwọn obìnrin Jàpáànì lórúkọ jẹ́. Ẹnì kẹta ní òun gbọ́ pé geisha tó bá òǹkọ̀wé náà sọ̀rọ̀ ti pè é lẹ́jọ́. Èwo ni kí á gbà gbọ́ nínú wọn? Ṣé kí á ṣì kà á, àbí kí á fi ìwé mìíràn rọ́pò rẹ̀? Báwo ni kí á sì ṣe darí ìjíròrò náà kí ó má baà di ìjà?

Ìdáhùn: Ẹ kà á, ẹ má fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn ènìyàn yín ni pé ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn, tí kálukú wọn sì rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn jọ ń fà. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ bí ìtàn náà ṣe dùn tó, ẹnì kejì ń wádìí bóyá àṣà tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ẹnì kẹta sì ń wo ẹ̀tọ́ ẹni tí òǹkọ̀wé gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìwé kan lè yege níbi àkọ́kọ́, kí ó kọsẹ̀ níbi kejì, kí ó sì jẹ gbèsè níbi kẹta. Ibi tí èmi fi ìwé Golden sí nìyẹn.

Ní ti adùn, kò sí àríyànjiyàn púpọ̀. Ní 1929 ni wọ́n mú Chiyo, ọmọ apẹja tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, kúrò ní abúlé rẹ̀ létí òkun, tí wọ́n tà á sí okiya kan, ìyẹn ilé tí àwọn geisha ń gbé, ní àdúgbò Gion nílùú Kyoto. Ó jìyà, ó kọ́ṣẹ́, ó di geisha tí wọ́n ń pè ní Sayuri, ogun dé bá a lẹ́nu iṣẹ́, ó sì dàgbà sí New York, níbi tó ti ń ròyìn ayé rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò lè gbà fún Golden ni ìfẹ́ tó fi so ìtàn náà pọ̀. Lọ́jọ́ kan, Chiyo ń sunkún létí odò Shirakawa, ọkùnrin ọlọ́lá kan sì dúró tì í, ó tù ú nínú, ó fún un ní áńkáṣífì rẹ̀ àti owó ẹyọ kan kí ó fi ra yìnyín aládùn. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo ijó tí ó kọ́ àti gbogbo ohun tí ó fara dà kò ní ìdí mìíràn ju kí ó lè sún mọ́ ọkùnrin yẹn lọ. Mo fara mọ́ àwọn tó ní èyí bu ìwé náà kù, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ ọnà tí obìnrin fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ di ọ̀nà àtirí ọkùnrin kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ òótọ́ àti àròsọ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bá bí ẹ bá ṣí ìwé náà ni ọ̀rọ̀ ìṣáájú ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Jakob Haarhuis, tó ní òun ló gba ohùn Sayuri sílẹ̀, tí òun sì tú u sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí irú ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀. Golden ló dá a, bó ṣe dá Sayuri fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi máa ń wá ìwé yìí lórí pẹpẹ ìtàn ìgbésí ayé, tí àwa tí a ń tọ́jú ìwé á sì darí wọn sí pẹpẹ àròsọ. Irú ọgbọ́n ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ní 1929 kan náà ni I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ọkùnrin ló ń fi ohùn obìnrin sọ ìtàn obìnrin, àwọn òǹkàwé kan sì gbà tọkàntọkàn pé Ṣẹ̀gilọlá wà láàyè. N kò lè pe Golden ní ẹlẹ́tàn nítorí ohun tí Thomas ṣe tí a sì ń yìn ín fún.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ wà ní ojú ìwé ìdúpẹ́ tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Golden sọ níbẹ̀ pé àròsọ pátápátá ni Sayuri àti ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n pé àlàyé nípa bí àwọn geisha ṣe ń gbé ìgbé ayé ojoojúmọ́ wọn ní àwọn ọdún 1930 àti 1940 kì í ṣe àròsọ. Níbẹ̀ náà ló ti dárúkọ Mineko Iwasaki, geisha Gion kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tó sọ fún un. Kí ìjíròrò yín tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ka ojú ìwé yìí sókè, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fò, bẹ́ẹ̀ sì ni orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé.

Ẹ tún sọ fún ẹnì kejì yín pé Golden kì í ṣe ẹni tó kàn jókòó tó ń rò ó lérò. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ọnà Jàpáànì ní yunifásítì Harvard, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn ilẹ̀ náà ní Columbia. Ohun púpọ̀ ló sì kọ bó ṣe rí. Owó tí wọ́n fi ra ọmọ, oúnjẹ rẹ̀, owó ẹ̀kọ́ ijó àti ti shamisen, ohun èlò olókùn mẹ́ta tí wọ́n ń ta, títí dé orí kimono tó ń wọ̀ ròde, gbogbo rẹ̀ ni ìyá ilé ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí ọmọ náà yóò fi iṣẹ́ san. Igi tùràrí ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó geisha lóde àríyá: bí ọ̀kan bá jó tán, wọ́n á tan òmíràn, iye tó bá jó ni oníbàárà yóò sanwó rẹ̀.

Ibi tó ti gbóná jù ni mizuage, ìyẹn àṣà kan tí wọ́n ń ṣe fún ọmọṣẹ́ geisha bó ti ń dàgbà. Nínú ìwé Golden, àwọn ọkùnrin ń figagbága láti ra ìbálé Sayuri, ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò gbà á. Iwasaki ta ko èyí gidigidi. Nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2002, Geisha, a Life, ó ní ayẹyẹ tí ọmọṣẹ́ geisha fi ń yí irun dídì rẹ̀ padà bó ti ń dàgbà lẹ́nu iṣẹ́ ni mizuage tòun, ẹnikẹ́ni kò ra òun. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń parí ẹjọ́ síbẹ̀, wọ́n á ní ó tán, Golden purọ́. Ẹ fara balẹ̀ wo ọjọ́. Sayuri inú ìtàn ń kọ́ṣẹ́ ní àwọn ọdún 1930. Iwasaki, tí wọ́n bí ní 1949, kò wọṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí maiko, ìyẹn ọmọṣẹ́ geisha, títí di 1965, lẹ́yìn ogun, lẹ́yìn òfin 1956 tí Jàpáànì fi ta ko òwò aṣẹ́wó. Ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹjọ́ fún ìran tó ṣáájú rẹ̀ pátápátá. Sayo Masuda, tí wọ́n tà sí okiya ní Suwa nígbà tó ṣì kéré, kọ ìtàn tirẹ̀ jáde ní 1957, ó sì sọ ọ́ gbangba pé wọ́n ta ìbálé òun fún ọkùnrin. Àmọ́ ìlú omi gbígbóná tí àwọn ènìyàn ti ń wá wẹ̀ ni Suwa, Gion sì ni àdúgbò tó lọ́lá jù láàárín àwọn geisha. Ẹ̀sùn tí mo rí kà sí Golden lọ́rùn ni pé ó fi ohun tó le jù ní ibòmíràn sí àárín Gion, ó sì fi í ṣe òpómúléró ìtàn rẹ̀. Ohun tó ń bí Iwasaki nínú ni pé ó mú kí ayé máa wo geisha bí aṣẹ́wó, nígbà tó jẹ́ pé àní ara aṣọ lásán ni ìyàtọ̀ wọn ti hàn láyé àtijọ́: ẹ̀yìn ni geisha ń so ọ̀já obi rẹ̀ sí, iwájú ni àwọn oiran, aṣẹ́wó olówó ńlá ìgbà náà, ń so tiwọn sí.

Ní ti ilé ẹjọ́, òótọ́ ni. Ní 2001, Iwasaki pe Golden àti ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà lẹ́jọ́, ó ní Golden ti ṣèlérí pé kò ní dárúkọ òun. Wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn ní 2003. Adájọ́ kankan kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí náà kí ẹnì kẹta yín má ṣe sọ pé ilé ẹjọ́ fi hàn pé irọ́ ni ìwé náà. Síbẹ̀, èmi gbà pé obìnrin náà ní ẹ̀dùn. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi àṣírí àwọn oníbàárà pamọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, kíkọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó kún fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sì mú kí àwọn ojúgbà rẹ̀ máa wò ó bí ọ̀dàlẹ̀.

Ìlànà tí màá dábàá fún ẹgbẹ́ yín ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ sọ èyí tí òun ń sọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: adùn ìtàn, òtítọ́ àṣà, tàbí ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ẹ má lo fíìmù tí wọ́n fi ìtàn náà ṣe ní 2005 dípò ìwé, nítorí pé ó ní àríyànjiyàn tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí àwọn òṣèré ará Ṣáínà tí wọ́n ṣe bí ará Jàpáànì. Ẹ sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ṣáájú pé ìwé náà ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọmọdé àti ibi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹ́, kí ẹni tí kò bá lè kà á mọ̀. Bí owó ìwé méjì bá nira fún gbogbo yín, kí gbogbo ẹgbẹ́ ka ti Golden, kí ẹnì kan tàbí ẹni méjì sì ka ti Iwasaki, kí wọ́n máa dá ìjíròrò dúró níbikíbi tí ìwé méjèèjì bá ti takora.