Ìyàwó Mi Kò Tíì Mọ̀ Pé Gbogbo Ọmú Náà Ni Wọn Yóò Gé

ÌBÉÈRÈ

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Àkábà Ìdẹ̀nà. Wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ọmú òsì ìyàwó mi. Wọ́n ti fa oògùn sí i lára nígbà mẹ́fà ní Kútọnu, irun orí rẹ̀ sì ti re tán. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà sọ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi pé gbogbo ọmú náà ni wọn yóò gé. Ẹbí ní kí a má jẹ́ kó gbọ́, kí a sọ pé kókó lásán ni wọ́n fẹ́ yọ. Ní báyìí, kì í sùn lóru. Ó ní bí wọ́n bá fi lè fún òun ní oògùn oorun, òun kò ní jí mọ́. Bí mo bá sì ní kó fọkàn balẹ̀, ìbínú ló fi ń dá mi lóhùn. Kí ni kí n ṣe?
Bàbá Táyé, Kétu.

ÌDÁHÙN

Bàbá Táyé, mo kí yín, mo kí Ìyá Táyé, ẹ kú ìfaradà.

Ẹ sọ fún un. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ sọ fún un. Ara rẹ̀ ni, òun ni wọn yóò sì gbé ìwé fún pé kó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ṣé ẹnu nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ rí ni kó ti wá gbọ́ ọ? Bí ó bá le fún yín láti sọ, ẹ bẹ dókítà kó sọ ọ́ lójú yín, kí ẹ jókòó tì í. Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí ní Àjàṣẹ́ níbí. Mo mọ obìnrin kan tó jí lórí bẹ́ẹ̀dì, tó fọwọ́ wá àyà rẹ̀ tì. Ọmú kọ́ ló kọ́kọ́ bi wá. Ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí, ó ní, “O mọ̀, àbí?” Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún bára wọn sọ̀rọ̀ bí ọkọ àti aya.

Èmi náà ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún. Ọmú ọ̀tún ni tèmi. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, pálọ̀ mi kún fún èrò. “Má bẹ̀rù.” “Ọlọ́run á ṣe é.” Mo ń ṣe àmín títí ẹnu fi ń ro mí. Àdúrà dára, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló ń bà mí lẹ́rù. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi ni! Wọ́n ti ní kí n bọ́ gbogbo ohun tó wà lára mi, ìyá mi ló sì so ìlẹ̀kẹ̀ yẹn fún mi kí n tó relé ọkọ. Mi ò tú u rí. Lójú tèmi, bí mo bá tú u, mo ti kú nìyẹn. Ọmọge tó ń gbálẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ló bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà pé, “Màmá, kí ló dé gan-an?” Mo sọ fún un. Ó tú u pẹ̀lú mi, ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, ó dì í, ó ní kí àbúrò mi mú un dání. Mo sùn.

Nítorí náà, ẹ má sọ pé “fọkàn balẹ̀” mọ́. Ẹ bi í pé, “Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù jù níbẹ̀?” Kí ẹ sì panu mọ́. Bó bá jẹ́ pé àìjí ni, ìbẹ̀rù yẹn ní ẹni tó lè dáhùn rẹ̀: dókítà tó ń fúnni lóògùn oorun. Yóò rí i kí ọjọ́ náà tó pé. Kó bi í ní gbogbo ohun tó bá fẹ́, kó sì sọ gbogbo àgbo àti oògùn tó ń lò fún un, torí àwọn mìíràn ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Ẹni yẹn kì í fún èèyàn lóògùn kó bá tirẹ̀ lọ. Ó wà níbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí, ó ń ṣọ́ èémí àti ọkàn rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà ni, pé bí abẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ńṣe ló ń tàn kálẹ̀, irọ́ ni. Àwọn tí a rí tó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló pẹ́ nílé kí wọ́n tó lọ.

Dókítà obìnrin kan ti wà rí ní Amẹ́ríkà, Jimmie Holland, tó jẹ́ pé ọkàn àwọn alárùn jẹjẹrẹ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán kan bí ohun tí a fi ń wọn ibà, láti 0 dé 10. Aláìsàn á fọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ìdààmú rẹ̀ dé. Ẹ máa bi Ìyá Táyé lálaalẹ́. Bó bá ń sọ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ní sikolọ́ọ̀gù. Kì í ṣe dókítà wèrè o! Ọ̀rọ̀ ni yóò bá a sọ.

Ẹ gbà mí láyè kí n bẹ̀ yín níṣẹ́. Apá òsì rẹ̀ kò ní tètè gbé sókè, kò ní lè wọ aṣọ tí a ń ki orí bọ̀. Ẹ rán bùbá méjì fún un, tó ní bọ́tìnnì níwájú láti ọrùn délẹ̀. Ẹ fi àpò sí inú rẹ̀ lápá òsì, nítorí wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ apá, tí omi ojú egbò ń gbà sínú ike kékeré. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi nígbà tèmi. Nígbà tí mo jí tí mo rí i, mo rò pé wọ́n gbàgbé nǹkan sí mi lára ni.

Ẹ jẹ́ kó yan áńkárá náà fúnra rẹ̀, kó dúró kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá bú sẹ́kún nígbà tí tépù wà láyà rẹ̀, ẹ má yára ká tépù náà.