Sikọ́láṣíìpù ọmọ wa ju owó ilé-ìwé lọ: ta ni yóò san owó orí rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ wa obìnrin wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, àwa la sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Nínú fọ́ọ̀mù 1098-T ti ọdún 2025, ìwé tí ilé-ìwé fi ń ròyìn owó, àpótí 1 (owó ilé-ìwé) jẹ́ 11,000 dọ́là, àpótí 5 (sikọ́láṣíìpù) jẹ́ 14,000. Ṣé àwa òbí la máa san owó orí lórí 3,000 tó lé? Wọ́n tún ní a ò lè rí ẹ̀dínwó owó orí kankan gbà. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Owó yẹn kì í ṣe tiyín. Ọmọ ló gba sikọ́láṣíìpù, òun ló ni èyí tí owó orí bá kàn níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé owó orí yín ni orúkọ rẹ̀ wà. Kì í sì í ṣe 3,000. Ìwé àti ohun èlò tí kíláàsì sọ di dandan kì í sábà sí nínú àpótí 1, ẹ sì lè yọ owó wọn kúrò nínú 3,000 náà. Bó bá ra ìwé 800 dọ́là, 2,200 ló kù. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ti ẹ̀dínwó ló ṣe pàtàkì jù, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ti ń fi owó sílẹ̀ fún ìjọba. Bí ẹni tó fún un lówó kò bá sọ pé owó ilé-ìwé nìkan ni kó fi san, òfin gbà á láyè láti ka 4,000 sí i mọ́ èyí tó ná lórí yàrá àti oúnjẹ, bó bá ná tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Owó tí owó orí kàn lọ́wọ́ rẹ̀ yóò di 6,200. Àmọ́ 4,000 owó ilé-ìwé ti bọ́ sílẹ̀ fún yín nìyẹn, ẹ lè fi gba American Opportunity Credit, ẹ̀dínwó owó orí fún owó ẹ̀kọ́, lórí fọ́ọ̀mù 8863: gbogbo 2,000 àkọ́kọ́ àti ìdá kan nínú mẹ́rin 2,000 tó tẹ̀ lé e, àpapọ̀ 2,500 dọ́là. Tí ẹ̀yin àti Bàbá bá jọ ṣe ìwé owó orí, ẹ ò gbọ́dọ̀ pa ju 160,000 lọ kó tó pé. Tó bá ti dé 180,000, kò sí mọ́. Ọdún mẹ́rin péré sì ni lórí ọmọ kan.

Ọmọ ńkọ́? Ká ní ó tún gba 5,000 níbi iṣẹ́ tó ń ṣe nílé-ìwé, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 11,200. Kò tó 15,750 tí owó orí kì í kàn lọ́dún 2025, kò ní san kọ́bọ̀. Bó bá kọjá ibẹ̀, ẹ wá bá mi kẹ́ ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́, torí iye owó orí tiyín ni wọ́n lè fi bu ti sikọ́láṣíìpù náà. Texas kì í gba owó orí lórí owó tó ń wọlé, ẹ dúpẹ́. Kí ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ tó ń gbà á, bíi Maryland, tún tirẹ̀ ṣírò.

Ìlà 8r lórí Schedule 1, àfikún ìwé owó orí tirẹ̀, ni ọmọ yóò kọ 6,200 náà sí. Kó má gbàgbé láti tọ́ka sí i pé ẹlòmíì lè ka òun mọ́ àwọn tó ń gbọ́ bùkátà wọn. Àwọn ọmọ yìí máa ń fi fóònù ṣe é kíákíá, kí òbí tó mọ̀, IRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, lè ti dá ìwé tiyín padà.