Èsì: Àdìrẹ ọgọ́ta ọdún màmá tí ọwọ́ ò gbéra sí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ̀wé pé ẹ fẹ́ ya àdìrẹ fún ọgọ́ta ọdún màmá yín, àmọ́ ẹ ò mọ ohun tí ẹ máa yà sí i. Ẹ má wá bátànì tuntun kiri mọ́. Ẹ pín aṣọ náà sí ojú-ojú, ìyẹn onígun mẹ́rin kéékèèké, kí ẹ fi ìyẹ́ adìẹ ya ojú kan ṣoṣo lónìí. Igun tí ìró yóò bò mọ́lẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ẹ ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti ń wo aṣọ funfun náà. Odidi aṣọ lẹ fẹ́ rí lójú ọkàn kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀kọ tí a fi ń ya bátànì sáṣọ, ìyẹn ló dè yín mọ́lẹ̀. Ẹ wo Ìbàdàndùn, bátànì àdìrẹ tí àwọn aládìrẹ fi yin ìlú Ìbàdàn: ojú-ojú ni wọ́n pín in, òpó gbọ̀ngàn Mápó tó wà n'Ìbàdàn sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rí nílùú wọn ni wọ́n yà.

Kí ni màmá yín kì í fi sílẹ̀? Nígbà tí mo ń ṣe ti ìyá mi, abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná ni mo yà, pẹ̀lú etí rẹ̀ tó ti jó. Ojú yẹn ló kọ́kọ́ fọwọ́ lé nígbà tó tú aṣọ náà.

Bó bá jẹ́ èrò ni ò wá lèyí wúlò o. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ ló ṣàn, tí ìlà ń tàn ká, ẹ dá a padà sórí iná kó ki. Bí aṣọ bá sì jẹ́ pọliẹ́sítà, ẹ fi òwú pààrọ̀ rẹ̀, aró ò ní mú un dáadáa.